Ògiri Ẹ̀yìn Àká

Ọjọ́ tí Ayaga kọ́kọ́ gbé ẹtù wá sílé wa láti fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Kachana, Apiu, bàbá ọmọbìnrin náà, kò jẹ́ kó dúró níta bí a ti ń ṣe fún ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó di ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ mú wọ agbo ilé, ó ní kí a tètè po omi ìyẹ̀fun jéró fún un, kí a má sì ṣahun oyin.

"Ẹni-tó-wá-ọmọ-mi," ó ní, "ṣé ìwọ náà ni yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà mi bí àlejò?"

Orúkọ tó fún un nìyẹn. Láti ọdún tí ìyá Kachana ti kú ni kò ti pè é ní Ayaga mọ́. Nígbà tí obìnrin náà dùbúlẹ̀ àìsàn, Kachana, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Kùmásì níbi tó ti ń ṣe alábàárù. Ayaga ni kọ̀ndọ́ ọkọ̀ tó ń ná ọ̀nà ibẹ̀, òun ni Apiu sì bẹ̀ pé kó bá òun wá ọmọ náà wálé. Ayaga lọ, ó padà dé, ó ní òun wá a títí, òun kò rí i. Apiu sunkún, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí Apiu bá ti ń mu ọtí bàbà, ìtàn ọmọkùnrin tó fi ẹsẹ̀ rin gbogbo Kùmásì tán nítorí ọmọ ọlọ́mọ ló ń sọ.

Ìyàwó àbúrò Apiu ni mí. Agbo ilé kan náà la ń gbé, èmi ni wọ́n sì fi ṣe alárinà, nítorí wọ́n ní ẹnu mi kì í rẹ̀. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé bí Apiu ṣe ń yin ọmọkùnrin yìí ni orí rẹ̀ ń tẹ̀ sílẹ̀. Omi ìyẹ̀fun náà kò kọjá ètè rẹ̀. Kachana tó gbé e wá kò wo ojú rẹ̀ rárá. Mo rò pé ìtìjú ìfẹ́ ni. Mo tiẹ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní bí ojú bá ń ti ọkọ tí ojú tún ń ti ìyàwó, ta ni yóò wá bímọ fún wa?

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kachana gbé igbá òfìfo, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ọdún tó tẹ̀lé ikú ìyá rẹ̀ ni Kachana ti padà dé láti Kùmásì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bá lọ ṣe alábàárù a máa kó ìkòkò àti aṣọ bọ̀ fún ìgbéyàwó. Òun rù dé, ó dákẹ́ dé, báàfù tó fi ń rẹrù sì wà lórí rẹ̀ láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ ohun kan náà: ẹ̀bi rẹ kọ́, wọ́n wá ọ, wọn ò rí ọ ni. Wọ́n rò pé àwọn ń tù ú nínú. Ọmọ náà á mi orí, á sì dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ pọnmi.

Kò jẹ́ wọ yàrá ìyá rẹ̀. Igbá ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ nínú àwọ̀n rẹ̀, ó so rọ̀ lára òpó. Nílẹ̀ wa, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní igbá tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá kú, igbá náà á wà níbẹ̀ títí di ìsìnkú ìkẹyìn. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni yóò gbé e jáde, tí yóò fọ́ ọ, kí ìyá tó lè máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti ṣáájú. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni Apiu ń béèrè bóyá ó ti yá. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni Kachana ń ní kó di àmọ́dún. Bàbá rẹ̀ sọ pé ọ̀fọ̀ ló wọ̀ ọ́ lára, kí a fi í sílẹ̀.

Katiga kò fi í sílẹ̀ ní tirẹ̀. Katiga ni ìyá àgbà tó ń ṣáájú àwa obìnrin tí a ń kun ilé, ó sì ní òfin kan: obìnrin tó bá dákẹ́ jù, ògiri ni kí ẹ fún un. A kì í bi í ní nǹkan kan. Ẹni tí ọkọ ń lù, ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́, ẹni tí ilé ọkọ sú, gbogbo wa la ti gba ògiri lọ́wọ́ Katiga rí. Èmi náà gbà á ní ọdún tí oyún wálẹ̀ lára mi, tí òmíràn tún tẹ̀lé e. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọkọ mi, ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ mi sọ ọ́ sára ògiri, oorun sì padà sójú mi.

Iṣẹ́ náà kò ṣe é dá ṣe. A ó fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ògiri, a ó fi erùpẹ̀ pupa kùn ún, a ó fi ìyẹ́ ẹtù fa dúdú àti funfun sí i, a ó wá fi òkúta odò ra á títí yóò fi dán, kó tó gbẹ. Nítorí náà èjìká kan èjìká la ń dúró, à ń kọrin, à ń sọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà sí ara wa. Níkẹyìn, onílé á se èèpo irú nínú ìkòkò ńlá, á fi ìgbálẹ̀ bu omi rẹ̀ wọ́n ògiri. Èyí tó bá ti mu omi irú, òjò kò lè ṣe é ní nǹkan. Èyí tí kò mu ún, òjò àkọ́rọ̀ á fọ̀ ọ́ lọ.

"Ya ohun tó bá wù ọ́," ni Katiga sọ fún Kachana. "Má bẹ̀rù àwọn ọkùnrin. Wọ́n mọ ilé kọ́, wọn ò mọ ilé kà."

Ní ọdún àkọ́kọ́, ìlà gbọọrọ ni Kachana ń fà, kò fa nǹkan mìíràn. Nígbà tó pẹ́, ó ya ọ̀nì sára ilé kan, ẹnìkan sì ní ọ̀nì yìí dà bí aláǹgbá tí ebi ń pa. Kachana rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tó ti dé nìyẹn, gbogbo wa sì ṣe bí ẹni pé a ò kíyè sí i kó má bàa dákẹ́.

Àkókò yìí ni Ayaga bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ó máa ń fi ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ bá wa gbé èèpo irú àti òkúta dúdú wá láti ọ̀nà jíjìn. Ọkọ̀ náà kò tún ní ibòmíràn tó ń bàjẹ́ sí mọ́ àfi ẹ̀gbẹ́ kànga wa. Bí àwa ti ń fi í ṣe ẹlẹ́yà tó, ojú Kachana nìkan ló ń wá. Kachana sì ń sá fún un, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá pẹ́ kó tó dé, ọwọ́ rẹ̀ kì í balẹ̀ lára ògiri.

Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ létí odò, níbi tí Kachana ti ń ṣa òkúta ìra-ògiri, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti tú jáde.

"Kí lo ń tẹ̀lé mi fún?" Kachana bi í.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Àánú mi ló ń ṣe ọ́."

"Ká ní àánú ni, mi ò ní máa sá fún bàbá rẹ. Gbogbo ìgbà tó bá ti pè mí lórúkọ tó sọ mí yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu."

"Èmi ni mo kó ọ sí i."

"Èmi náà ni mo gbà."

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Ayaga rí i. Ọjọ́ tó dé Kùmásì gan-an ló rí i, níbi tí àwọn alábàárù ń sinmi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Oyún ti yọ gàǹgà níwájú rẹ̀, ẹni tó sì fún un lóyún ti na pápá bora. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo ayé, ó ní kí Ayaga délé sọ pé kò rí òun. Ó ní òun á wálé bí òun bá ti bímọ tán, kí ìyá òun má rí òun báyìí. Ayaga rò pé òun ń bo ọmọ ọlọ́mọ láṣírí. Ìyá Kachana kò dúró de ìgbà náà. Ọmọ tó bí sì dé láìsunkún, láìmí.

Kachana fẹ́ràn Ayaga nítorí pé òun nìkan ni kò ní láti purọ́ fún láyé. Òun náà nìkan ni ojú sì ń tì í láti wò. Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe ń lọ, bí ẹni tí ẹ̀gún wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó ṣì ń rìn. Ó gbà fún un níkẹyìn, ẹtù sì wọlé wa.

Ẹni tí kò gbà ni Kadoa, ìyá Ayaga. Mo lọ bá a ṣáá, mo fi àwàdà lọ, mo fi ẹ̀bẹ̀ lọ. Obìnrin náà kì í pariwo, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí.

"Ìyàwó," ó ní, "èmi ni mo jókòó ti ìyá ọmọ yẹn kó tó kú. Ọ̀rẹ́ mi ni. Èmi ni mo fi ẹnu mi yìí sọ fún un pé Ayaga ò rí i. O mọ ohun tó sọ? Ó ní, 'Ó ti kú nìyẹn. Ẹ má pe orúkọ rẹ̀ mọ́, kó lè sùn.' Òun náà ò pè é mọ́. Àṣé ọmọ wà láàyè, kò ránṣẹ́, kò bẹ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Kí ni kí n fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe nílé mi?"

Kachana bi mí ohun tí Kadoa wí, mo sì sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìyá òun sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó jókòó sórí odó tó dojú dé, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ọkà ti wọ àká, ó kan ilé Kadoa láti kùn. Onílé kì í yan ẹni tí yóò bá a kun ilé, nítorí náà Kadoa kò lè lé Kachana. Kò kí i, kò sì lé e. Kachana ní kí Katiga fún òun ní ògiri ẹ̀yìn àká, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Àwa tó kù wà níwájú, à ń kọrin, à ń bú ọkọ wa.

Nígbà tí mo gbé omi lọ fún un, mo bá a tó dúró, ìyẹ́ ẹtù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ya àwọ̀n kan sára ògiri, igbá ńlá wà nínú àwọ̀n náà, akèrègbè kékeré kan sì wà nínú igbá, èyí tí a kò tíì la ẹnu fún. Ipasẹ̀ bàtà ọkùnrin rìn dé ibi àwọ̀n náà, ó sì yí padà. Akèrègbè kékeré yé mi lójú ẹsẹ̀, nítorí mo ti ya irú rẹ̀ rí, lọ́dún tí oyún wálẹ̀ lára mi. Ti ipasẹ̀ bàtà ni kò yé mi.

Ó yé Kadoa tó ń gbé ìkòkò omi irú bọ̀ lẹ́yìn mi. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ta ló rìn dé ibẹ̀?" ó bi í.

Kachana rọra gbé ìyẹ́ ẹtù náà sílẹ̀.

"Ayaga nìkan la rán. Mo ní ta ló rìn dé ibẹ̀, tó tún padà?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Oyún wà lára mi, ojú sì ń tì mí. Mo ní kó sọ pé òun ò rí mi. Mo rò pé ìyá mi á dúró dè mí."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Kò sunkún rárá."

Kadoa fi ẹ̀yìn ti àká. Mo retí pé yóò bú u. Ojú tirẹ̀ gan-an ló tì, mo rí i bó ṣe fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ẹnu tó fi jíṣẹ́ fún ẹni tó ń kú lọ. Ó ní, "Ọmọ mi fi ẹnu mi purọ́ fún ọ̀rẹ́ mi." Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì tún un sọ, bí ẹni tó ń kọ́ ọ.

Nígbà tó yá, ó wo ògiri náà. "Kò tíì gbẹ," ó ní. "Bí o bá fẹ́, mo lè da omi lé e nísinsìnyí, kí ọ̀rọ̀ náà kú sáàárín àwa tí a wà níbí. Ṣùgbọ́n bí mo bá bu omi irú sí i, ó di ti ilé mi nìyẹn, gbogbo obìnrin ni yóò kà á. Ìwọ àti Ayaga á sì lọ bá Apiu lónìí, kó má baà jẹ́ pé ẹnu ìta ló ti máa gbọ́. Ọwọ́ rẹ ló wà."

Nínú ọkàn mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ní kí a fọ̀ ọ́. Mo mọ Apiu, mo sì mọ̀ pé ìgbéyàwó náà kò ní kọjá ọjọ́ yẹn. Kachana wo akèrègbè kékeré náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìgbálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Kadoa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n kúnlẹ̀ níwájú Apiu. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn nígbà tó rí wọn pọ̀.

"Ẹni-tó-wá-ọmọ-mi, kí ni ti ìkúnlẹ̀?"

"Bàbá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ni Ayaga wí. "Mi ò wá a. Mo rí i lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, mo sì wá purọ́ fún yín."

Kachana sọ èyí tó kù. Kò fi nǹkan kan bò. Apiu gbọ́ ọ tán, kò gbé ohùn sókè. Ó rí bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ lọ́jà. "Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń mu ọtí ni mo ti ń fi ọ́ ṣe ìtàn," ó sọ fún Ayaga. "Àwọn èèyàn á máa fún mi lọ́tí kún un." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Alárinà, gbé ẹtù rẹ̀ fún un."

Mo tú ẹtù, mo gbé e fún un. Ìtìjú náà kan èmi tí mo gbé e, àní mi ò mọ bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà. Ayaga bá ọkọ̀ lọ sí Kùmásì, ọkọ̀ náà kò sì bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga wa mọ́. Apiu kò dé ibi ọtí mọ́. Ó ń jẹun tí Kachana bá sè, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀. Kachana ní ìtìjú tòun kò dín kù, pé ó kàn ti jáde síta tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i ni.

Àwọn obìnrin ti ń lọ sẹ́yìn àká Kadoa. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe. Katiga ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ó rẹ́ apá ògiri tó kù, ó sì ya akèrègbè kékeré kan tí kò lẹ́nu síbẹ̀. Èmi náà lọ, mo ya tèmi, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì. Ìyàwó alápatà lọ, ìyá arúgbó kan tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà láàyè náà lọ. Kadoa ń se omi irú, ó ń bu ú sí i, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Lọ́jọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ mú ìyẹ́ ẹtù, ó ya ọ̀kan.

Apiu gbọ́ pé wọ́n fi ìtìjú ọmọ òun ṣe ọ̀ṣọ́ sílé onílé, ó gba ibẹ̀ lọ pẹ̀lú ìbínú. Mo sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ẹ̀yìn àká, ó dúró, nítorí kò mọ ohun tó ń wò.

"Kà á fún mi," ó ní.

"Ti Katiga nìyí. Ti ìyàwó alápatà nìyẹn. Tèmi ni méjì tó fara kan ara wọn yìí."

"Tìrẹ?"

"Tèmi, Bàbá. Àbúrò yín mọ̀."

Ó wo méjì náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló béèrè èwo ni ọmọ ọmọ òun. Mo fi hàn án. Ó na ìka rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án, ó sì fà á sẹ́yìn. Nígbà tó délé, ó wọ yàrá ìyàwó rẹ̀, ó tú àwọ̀n kúrò lára òpó, ó gbé igbá náà lé Kachana lọ́wọ́.

"Ẹ̀ẹ̀rùn yìí," ó ní.

Lọ́jọ́ ìsìnkú ìkẹyìn, gbogbo ilé ìyá rẹ̀ dé, gbogbo abúlé sì pé. Kachana gbé igbá náà dání, ó sì bá a sọ̀rọ̀ kó tó fọ́ ọ, ohùn rẹ̀ dé etí gbogbo wa.

"Ìyá, mi ò kú. Mo wà ní Kùmásì, Ayaga sì rí mi. Èmi ni mo ní kó má sọ. Ojú ń tì mí nígbà náà, ó ṣì ń tì mí. Ẹ bá mi gba ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín."

Ó fọ́ ọ. Kadoa ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a ṣa àfọ́kù rẹ̀.

Nígbà tí ìkúukùu àkọ́kọ́ fẹ́ máa sú, ẹnìkan dé sẹ́nu ọ̀nà wa ní ọ̀sán gangan pẹ̀lú ẹtù lọ́wọ́. Ó dúró níta gẹ́gẹ́ bí àṣà, kò sì gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Apiu rí i láti abẹ́ igi. Ó fi í sílẹ̀ nínú oòrùn, ó ń jẹ tábà rẹ̀. Kachana dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ó di igbá mú, kò mọ̀ bóyá kí òun bu omi tàbí kí òun má bu ú. Ojú ọ̀nà ti ń jó, ẹtù náà ti dákẹ́.

"Alárinà," Apiu wí nígbà tó pẹ́, "ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà?"

"Ayaga ni, Bàbá."

"Mi ò mọ Ayaga." Ó tu tábà dànù, ó wo ilẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè kó lè dé ìta. "Ẹni-tó-rí-ọmọ-mi, máa wọlé."

Ayaga wọlé, orí rẹ̀ ṣì tẹ̀. Kachana gbé omi ìyẹ̀fun fún un, ó sì wò ó lójú. Ayaga mu ún tán.